Ẹsẹ̀ Màmá Mi Lórí Bíréèkì

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n sọ ohùn tó wà nílé wa nígbà èwe mi, mi ò ní dárúkọ rédíò, mi ò sì ní dárúkọ àkùkọ Ìyá Nọ́ọ̀sì, ará ilé kejì wa, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán àti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ohùn bàbá mi láti ìdí táyà ni mo máa kọ́kọ́ rántí, àti ohùn màmá mi tó ń dá a lóhùn láti orí ìjókòó awakọ̀. “Tẹ̀ ẹ́.” “Mo ti tẹ̀ ẹ́.” “Dì í mú.” “Mo dì í mú.” “Ó yá, gbé ẹsẹ̀.” “Mo ti gbé e.” Àárọ̀ Sátidé nìyẹn, nínú ọgbà wa ní Ijapo, ní Àkúrẹ́, kí oòrùn tó gun orí páànù. Wọ́n ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ, bí ìgbà tí àlùfáà ń ka ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọ ń dáhùn, títí èmi àti Kọ́lé àbúrò mi fi sọ ọ́ di eré. Èmi á ní “Tẹ̀ ẹ́,” Kọ́lé á fi ẹsẹ̀ tẹ inú abọ́ ìfọṣọ, omi á dà sílẹ̀, a ó sì jọ gba ìbáwí rẹ̀.

Ọkọ̀ wa ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ti darúgbó kí wọ́n tó bí mi, wáṣà kan nínú táyà ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti jẹ tán, òróró bíréèkì ń gba ibẹ̀ jò díẹ̀díẹ̀. Bí òróró bá ti ń jáde, afẹ́fẹ́ a máa wọlé dípò rẹ̀, afẹ́fẹ́ nínú bíréèkì kì í sì ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Wàá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ á rì bí ìgbà tí ènìyàn tẹ ẹrẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ ní tirẹ̀. Ó yẹ kí á pààrọ̀ wáṣà náà, ṣùgbọ́n àwọn ọdún yẹn ni ọdún tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń lọ síbi iṣẹ́ ní Alágbàká láràárọ̀, tí oṣù ń parí, tí kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ owó oṣù. Bàbá mi kò pààrọ̀ nǹkan kan. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ náà jáde. Ẹnu kékeré kan wà lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń fi sípánà tú. Ẹnì kan á tẹ bíréèkì nínú ọkọ̀, á dì í mú, ẹnì kejì á tú ẹnu yẹn, òróró àti afẹ́fẹ́ á tú jáde pọ̀, á tún un dì, ìgbà yẹn ni ẹni inú ọkọ̀ tó lè gbé ẹsẹ̀. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó dì í, ẹnu náà á fa afẹ́fẹ́ padà sínú, gbogbo iṣẹ́ di òfo, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni méjì tó gbọ́ ara wọn yé ni.

Bàbá mi jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́, màmá mi jẹ́ ọmọ Oǹdó. Nítorí èyí, Yorùbá ilé-ìwé ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, kálukú wá ń fi ti ìlú rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà tí inú bá ń bí i. Tí mo bá ti gbọ́ tí bàbá mi pe ilé ní “ulé,” mo máa ń wá ibi jókòó sí. Ní Sátidé kan, ẹ̀wà wà lórí sítóòfù. Màmá ti ní, “Dúpẹ́, ṣọ́ ẹ̀wà yẹn. Tí omi rẹ̀ bá gbẹ, bu omi sí i.” Mo ní mo gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo mú okùn, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo ń fò. Mo ń ka iye ìgbà tí mo ti fò láìṣubú, mo sì ń bọ̀ lórí ọgọ́rin nígbà tí òórùn ẹ̀wà tó ń jóná gba gbogbo àdúgbò. Màmá wà nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì. Ó yíjú, ó pè mí, “Dúpẹ́, ìkòkò!” Bí ó ṣe yíjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra.

Táyà kẹrin ni wọ́n wà, èyí tó kẹ́yìn. Òróró tó kù nínú ike kò ju ìsàlẹ̀ lọ. Bàbá mi dìde láti ìdí táyà, òróró wà ní apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Ìyá Nọ́ọ̀sì ń sá aṣọ, àlejò méjì sì jókòó ní ìloro rẹ̀. Bàbá ní, “Ẹsẹ̀ kan péré ni mo ní kí o lò, ẹsẹ̀ kan, o ò lè fi í sójú kan. Irú ènìyàn wo nìyí nínú ulé mi?” Ohùn rẹ̀ le, gbogbo wọn gbọ́. Màmá sọ̀kalẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ jẹ́ẹ́, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ níbi ẹ̀rọ omi bí ẹni pé òun náà fọwọ́ kan òróró. Ìgbà tó fọ̀ ọ́ tán ló tó sọ pé, “Bàbá Dúpẹ́, láti òní lọ, ẹ wá ẹni tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ fún yín.” Èmi dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ìkòkò dúdú wà lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó bá mi wí. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Lẹ́tà kan ti wà lórí tábìlì láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Wọ́n gbé màmá mi, tó jẹ́ tíṣà, kúrò ní Àkúrẹ́ lọ sí ilé-ìwé kan ní Bọ́lọ́rundúró, ní ọ̀nà Oǹdó, láàárín oko kòkó. Ó ti ń múra àtilọ bẹ̀ wọ́n lọ́fíìsì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró ti àwọn ọmọ òun. Lẹ́yìn Sátidé yẹn, kò lọ bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ó di ẹrù rẹ̀, ó mú Kọ́lé dání nítorí pé ó ṣì kéré, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Oǹdó, ibẹ̀ ló ti ń wọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èmi ní ìdánwò àṣekágbá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níwájú, wọ́n ní kí n dúró ti bàbá mi. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àwọn onímọ́tò máa ń bá a gbé iṣu àti ẹ̀fọ́ wá fún wa, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ orúkọ mi sí. Níparí rẹ̀ ló máa ń kọ ọ́ pé, “Bá mi kí bàbá rẹ.” Bàbá á gba ìwé náà, á kà á látòkè dé ìsàlẹ̀, á wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan kan tún wà níbẹ̀, á sì dá a padà fún mi.

Níbi tiwa, ìyàwó tó bá kó lọ sílé ìyá rẹ̀, ọkọ kì í dá lọ mú un. Àgbà méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń ṣíwájú rẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á bẹ̀bẹ̀, wọ́n á gbọ́ èébú díẹ̀, ilé á sì tún tò. Ìyá Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún bàbá mi lórí ọgbà, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí tèmi. Bàbá ní, “Kò kó lọ. Ìjọba ló gbé e lọ. Ta ni í bẹ ìjọba?” Ìyá Nọ́ọ̀sì ní, “Bàbá Dúpẹ́, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Tiyín kì í ṣe ilé ọba o.” Bàbá wọlé. Kò jókòó. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, kò sí àga tó gbà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Á dìde, á lọ wo géètì, á padà wá, á gbé ìwé ìròyìn tó ti kà lánàá. Èmi náà kò sàn jù ú lọ. Tí mọ́tò kan bá dẹsẹ̀ dúró lójú ọ̀nà, àwa méjèèjì á yọjú lójú fèrèsé kan náà.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì wá di ti Bàbá nìkan. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n wá tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi kò dé ibẹ̀ dáadáa, mi ò sì fẹ́ kó dé ibẹ̀. Ibi ẹsẹ̀ Màmá ni. Mo tẹ̀ ẹ́ tìkọ̀tìkọ̀, òun náà rí i, ó ní kí n lọ kàwé mi. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tọrọ rọ́bà tín-ín-rín kan lọ́wọ́ Ìyá Nọ́ọ̀sì, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára. Ó wá ìgò oògùn ikọ́ tó ti tán, ó fọ̀ ọ́, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó da òróró bíréèkì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ki ẹnu rọ́bà kan bọ ẹnu kékeré tó wà lẹ́yìn táyà, ó ri ẹnu kejì sínú òróró inú ìgò, ó sì fi wáyà gbé ìgò kọ́ sókè. Ó wá tú ẹnu náà díẹ̀, ó sáré lọ sínú ọkọ̀, ó rọra tẹ bíréèkì, ó gbé ẹsẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé ẹsẹ̀, ó sáré padà wá wò ó. Afẹ́fẹ́ ń hó wuuru nínú ìgò, kò sì lè padà, nítorí pé òróró ti dí ọ̀nà mọ́ ọn. Tí bíréèkì bá fẹ́ fà padà, òróró ni yóò fà. Táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó jìnnà jù, ó sì yí gbogbo wọn ká. “Dúpẹ́, wá wò ó,” ló wí. “Kò sẹ́ni tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀, ó sì yẹ kí inú mi dùn. Inú mi bàjẹ́ ni. Ó ti mọ ẹ̀bà tẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kókó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ ilé-ìwé mi. Bíréèkì nìkan ló kù tí kò lè dá ṣe, ó sì ti rí ìgò fún un. Mo rò ó pé Màmá kò ní ìdí tí yóò fi padà wá mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jí rọ́bà náà. Ọjọ́ Ẹtì ni, mo ká a bí ẹni ká okùn, mo rì í sí ìsàlẹ̀ ike gàrí, mo sì tẹ́ gàrí lé e lórí dáadáa. Bàbá fi gbogbo ọjọ́ Sátidé wá a. Ó wo abẹ́ ibùsùn, ó wo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó bi mí, mo ní mi ò rí i. Ó lọ bẹ Ìyá Nọ́ọ̀sì, òun ní kò sí òmíràn, pé aláìsàn gan-an ló ń ra tirẹ̀ wá sílé ìwòsàn báyìí. Nígbà tó sú u, ó gbé igi kan ti bíréèkì mọ́ ìjókòó, pé kí igi bá òun dì í mú. Bí òróró ti tú jáde ni bíréèkì rì, igi ṣubú, afẹ́fẹ́ wọlé. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, igi ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dúró ní ìloro, mò ń retí pé yóò jù sípánà sílẹ̀, yóò ní kí á wọ aṣọ, kí á lọ Oǹdó. Ó kàn nu ọwọ́ ni. Ó ní, “Ó tó bẹ́ẹ̀.”

Kò tó bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, a ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ijapo, èmi pẹ̀lú àpò ìwé mi níwájú, bàbá tó ń lọ sí Alágbàká. Ọkùnrin kan ń fi kẹ̀kẹ́ gbé igi ìdáná kọjá ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo rí ẹsẹ̀ bàbá mi tó tẹ bíréèkì, mo sì rí i tí ẹsẹ̀ náà lọ dé ilẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó fi apá ọ̀tún gbá mi mọ́ ìjókòó, ó sì yí ọkọ̀ wọ inú òkìtì yanrìn tí ẹnì kan kó sílẹ̀ fún ilé tó ń kọ́. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó kú. Oníkẹ̀kẹ́ náà kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ń gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń súfèé. Apá bàbá mi ṣì wà ní àyà mi. Mo ní, “Inú gàrí ni rọ́bà wà.”

Ó ní, “Rọ́bà wo?”

“Rọ́bà bíréèkì. Èmi ni mo fi í pamọ́, sà. Mo fẹ́ kó má sí nǹkan tí ẹ máa fi ṣe é, kí ẹ lè lọ pe Mọ́mì wá tẹ̀ ẹ́.” Ìgbà tí ẹnu mi ti là, mi ò lè pa á dé mọ́. “Èmi náà ni mo jẹ́ kí ẹ̀wà jóná. Wọ́n ní kí n ṣọ́ ọ, mo lọ ń fo okùn. Ẹ̀wà yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbé ẹsẹ̀. Èmi ni mo lé wọn lọ.” Mo ń dúró de ìgbájú. Mo ti pa ojú dé fún un. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bàbá mi jókòó síbẹ̀, yanrìn bo gíláàsì iwájú dé ìdajì, ó ń wo ẹ̀yìn, mo mọ̀ ọ́n báyìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo rò pé yanrìn ló ń wò. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀wà kọ́, Dúpẹ́.” Ó mú mi lọ́wọ́, a fẹsẹ̀ rìn dé ilé-ìwé.

Wọ́n bá a wọ́ ọkọ̀ jáde nínú yanrìn padà sílé. Ní Sátidé, ó gbọn gàrí kúrò lára rọ́bà náà, ó fọ̀ ọ́, ó sì fa afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí mi ò ṣe rí i kó fà á rí. Nígbà tó parí, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò. Ó le bíi pé òkúta ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ó wẹ̀, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí èmi náà wọ aṣọ tó dáa. Mo rí i tó gbé jáàkì, sípánà àti ike òróró sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìgò àti rọ́bà wà lórí wíńdò; kò mú wọn. Mo rò pé ó gbàgbé, mo sì rán an létí. Ó ní òun kò gbàgbé. Ní gbogbo ọ̀nà, bí a ti kọjá Ọ̀wẹ̀nà, bí a ti kọjá Bọ́lọ́rundúró, kò simi: á dé bọ́tìnì ọrùn rẹ̀, á tú u, á sọ gbólóhùn kan lábẹ́ ahọ́n, á mi orí. Bíréèkì kò ṣe é ní nǹkan kan. Níbikíbi tó bá ti tẹ̀ ẹ́ ni ọkọ̀ ń dúró.

Màmá Oǹdó, ìyá màmá mi, ń fi ẹsẹ̀ da kòkó ká lórí ẹní níwájú ilé. Màmá jókòó ní ìloro, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀. Kọ́lé sáré wá dì mọ́ mi. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ nínú eruku, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá àgbà kí i, ó wá wo inú ọkọ̀, ó tún un wò. Ti Oǹdó ló ń sọ, mo kàn ń kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa lè gbọ́ ọ ni. Ó ní, “Ẹ̀yin àti ta ni ẹ jọ wá?”

“Èmi àti Dúpẹ́ ni, Màmá.”

Ìyá àgbà padà sídìí kòkó rẹ̀. Màmá mi kí bàbá mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò, kò sì gbé gègé sílẹ̀. Bàbá mi dúró níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò gbé ara rẹ̀ sí. Ó ní, “Màmá Dúpẹ́, afẹ́fẹ́ ti wọ bíréèkì ọkọ̀ yìí. Mi ò rí ẹni bá mi tẹ̀ ẹ́.” Mo la ẹnu láti sọ pé ó le bí òkúta. Bàbá mi wò mí. Mo pa ẹnu mi dé.

Màmá ní, “Ìyá Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí mi pé ẹ ti ní ìgò. Wọ́n ní ẹ ò nílò ẹnikẹ́ni mọ́.”

“Mo ní ìgò.”

“Kí ló ṣe ìgò?”

Bàbá mi wo ilẹ̀. Ó ní, “Ìgò kì í dáni lóhùn.”

Èmi ò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, mi ò sì rò pé òun náà mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìyá àgbà ń fi ẹsẹ̀ da kòkó lọ, ó ń bá kòkó sọ̀rọ̀: “Mo ti rí ọkọ tó kó àgbà wá bẹ aya. Mo ti rí èyí tó ru iṣu wá. Ẹni tó gbé jáàkì wá ni mi ò tíì rí.” Màmá fi ìdérí bo gègé rẹ̀. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó kọjá lára bàbá mi láìwo ojú rẹ̀, ó sì wọ inú ọkọ̀. Bàbá mi fi jáàkì gbé ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ó tú táyà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku ilé àna rẹ̀. “Tẹ̀ ẹ́.”

Mo dúró níbi tí mo ti lè rí ojú Màmá. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sọ fún un. “Bàbá Dúpẹ́, kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú bíréèkì yìí.”

“Mo mọ̀. Dì í mú.”

Òróró jáde, mímọ́ gaara, kò sí ìhó kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Òróró tí a kò rí rà ni bàbá mi ń dà sí ilẹ̀ Oǹdó yẹn. Láti ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí kò ti lè rí ojú ẹnikẹ́ni, ó ní, “Kì í ṣe ẹsẹ̀ yẹn ló ṣẹ̀ lọ́jọ́sí. Ẹnu mi ni. Níwájú àwọn ará ilé kejì. Mo bẹ̀ ọ́.” Omi ń bọ̀ lójú Màmá, kò sì nù ún, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di ìdarí ọkọ̀ mú. Ó ní, “Mo dì í mú.”

Mo rí i tí bàbá mi di ẹnu náà padà, tó fi sípánà yí i lẹ́ẹ̀mejì, tó gbé sípánà sílẹ̀. Ó ti parí. Èyí tó kù ni kó ní kí Màmá gbé ẹsẹ̀, kò sì sọ ọ́. Ó fi ẹ̀yìn ti ara ọkọ̀, ó jókòó. Màmá náà kò bi í, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ gbọn-in gbọn-in. Mo fẹ́ sọ fún un pé Bàbá ti dì í o, pé ó lè gbé e. Ìyá àgbà ti dé ẹ̀yìn mi láìjẹ́ kí n mọ̀. Ó fi ọwọ́ tó ń run kòkó bo ẹnu mi.